Bí ẹ ṣe lè múra sílẹ̀ fún ìdánwò AWS Data Engineer, kí owó yín má sì ṣòfò

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ dátà ni pé fídíò ta ni kí àwọn wò. Fídíò dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Nínú ìdánwò tí Amazon pè ní AWS Certified Data Engineer – Associate, tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ DEA-C01 (AWS ni ẹ̀ka Amazon tó ń yá èèyàn ní kọ̀ǹpútà àti irinṣẹ́ dátà lórí íntánẹ́ẹ̀tì), wọ́n á to ìdáhùn sílẹ̀, ẹ ó sì rí i nígbà mìíràn pé méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn ló lè ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ lè yan èyí tó bá ipò tí wọ́n ṣàpèjúwe mu jù. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kó dátà láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, tí dátà náà sì ti bá a ṣagídí, ló máa ń tètè rí ìyàtọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni mo fi ṣe òpómúléró ìtọ́sọ́nà yìí. Ìwé àti fídíò kàn ń tì í lẹ́yìn ni.

Ìdí tí mo fi mú ìdánwò yìí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Glue. Glue ni irinṣẹ́ tí Amazon ṣe fún kíkó dátà jọ láti orísun oríṣiríṣi, fún fífọ̀ ọ́ mọ́, àti fún gbígbé e lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó. Ẹni tí Glue bá yé dunjú ti rìn jìnnà nínú ìdánwò náà.

Ohun tí ẹ fẹ́ kojú

Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni wọ́n ṣí ìdánwò yìí fún gbogbo èèyàn. Ìbéèrè 65 ni, ìṣẹ́jú 130 ni wọ́n fi ń ṣe é, owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 150, máàkì tó lè gbé yín wọlé sì ni 720 nínú 1000. Nínú ìbéèrè 65 yẹn, 15 ni wọn kì í ka máàkì wọn rárá. Wọ́n kàn ń dán wọn wò fún ọjọ́ mìíràn ni, ẹ ò sì ní mọ àwọn tó jẹ́. Bí ẹ bá wá pàdé ìbéèrè kan tí orí rẹ̀ kò yé yín, tí ìdí rẹ̀ kò yé yín, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ẹ mú ìdáhùn tó jọ òótọ́ jù, kí ẹ máa lọ. Wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe, torí náà kò sí ìdí kankan láti fi ìbéèrè sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ̀ka mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Gbígba dátà wọlé àti yíyí i padà ló kó ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Títọ́jú dátà síbi tó yẹ kó 26. Mímú kí iṣẹ́ máa lọ geere, àti títún un ṣe nígbà tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀, kó 22. Ààbò àti ìṣàkóso kó 18 tó kù. Kò di dandan kí ẹ yege ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ẹ ò bá wá ní àkókò púpọ̀, ẹ mọ ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ gbé e sí.

Amazon ní àwọn fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ ti ṣe iṣẹ́ dátà fún ọdún méjì sí mẹ́ta, kó sì ti lo AWS fún ọdún kan sí méjì. Ìmọ̀ràn nìyẹn, kì í ṣe òfin, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí SQL, èdè tí a fi ń béèrè dátà lọ́wọ́ database, bá ṣì ń dà yín láàmú, tí ẹ kò lè kọ JOIN àti GROUP BY láìwo ìwé, SQL ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kọ́. Python díẹ̀ náà pọn dandan, kì í ṣe láti kọ kóòdù nínú ìdánwò, bí kò ṣe kí kóòdù tí Glue bá kọ fún yín lè yé yín.

Kí ẹ tó ka ohunkóhun

Ẹ gba ìwé ìtọ́sọ́nà ìdánwò náà lórí ìkànnì AWS. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde bí ẹ bá lè ṣe é, kí ẹ mú bírò, kí ẹ sì fi àmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan: èyí tí ẹ lè jókòó ṣe nísinsìnyí, èyí tí ẹ kàn gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àti èyí tí ẹ ò mọ̀ rárá. Ìwé tí ẹ fàmì sí yẹn ni ètò ẹ̀kọ́ yín. Ètò tí ẹlòmíràn bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí òun kù sí ló fi ṣe é. Kò mọ ibi tí ẹ̀yin kù sí.

Ohun kejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò mọ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì kì í bá ṣe èdè abínibí yín, tí ẹ sì fẹ́ ṣe ìdánwò náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i láìsan kọ́bọ̀. Nínú àkáǹtì AWS Certification yín ni ẹ ó ti béèrè fún un, níbi tí wọ́n kọ accommodations sí. Orúkọ rẹ̀ ni ESL +30. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kí ẹ tó mú ọjọ́ ìdánwò, nítorí wọn kì í fi kún ọjọ́ tí ẹ ti mú tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún yín lẹ́ẹ̀kan, ó ti wà fún gbogbo ìdánwò AWS tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn náà. Àwọn kan á ní àwọn gbọ́ Òyìnbó dáadáa, àwọn ò nílò rẹ̀. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 130 fún ìbéèrè 65 jẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè náà sì máa ń gùn, àwọn ìdáhùn rẹ̀ náà sì ń gùn.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ orúkọ. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì yín àti èyí tó wà lórí páálí ìdánimọ̀ yín gbọ́dọ̀ dọ́gba. Láàárín wa, ó wọ́pọ̀ kí èèyàn máa jẹ́ Fẹ́mi lórí ìmeèlì, kó jẹ́ Olúfẹ́mi lórí pásípọ́ọ̀tù, kí orúkọ bàbá sì wà níwájú lórí ọ̀kan, lẹ́yìn lórí èkejì. Ẹ tún un ṣe nísinsìnyí tí àyè ṣì wà. Àwọn tó ń ṣọ́ ìdánwò kò ní gbọ́ àlàyé pé orúkọ kan náà ni.

Ẹ ṣí àkáǹtì, kí ẹ sì ṣọ́ àpò yín

Láti ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2025, ẹni tó bá ṣí àkáǹtì AWS tuntun máa ń rí dọ́là 100 gbà láti fi ṣeré, ó sì lè rí tó dọ́là 100 mìíràn bó bá ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n là sílẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ náà máa ń parí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tàbí nígbà tí owó náà bá tán, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, ẹ má ṣí i lónìí bí ẹ ò bá ní bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù mẹ́ta sí i.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ fi MFA (ìyẹn ẹ̀rí kejì lẹ́yìn password) sórí root, ìyẹn user àgbà tó ní gbogbo àṣẹ, kí ẹ ṣí user mìíràn tí ẹ ó máa lò lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi root sílẹ̀. Ẹ lọ sí AWS Budgets, kí ẹ ní kó fi ìmeèlì ránṣẹ́ bí owó bá ti dé dọ́là 5. Region kan, ìyẹn agbègbè tí kọ̀ǹpútà AWS wà, ni kí ẹ máa lò. Èmi fara mọ́ us-east-1 ní Amẹ́ríkà, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí iṣẹ́ tó kù níbẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń dínkù sí ti Cape Town. (Òótọ́ ni pé AWS ní Local Zone, ìyẹn ibùdó kékeré, ní Èkó láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bíi Glue kò sí níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn fa ọkàn yín.)

Glue kì í tètè jẹ owó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ní us-east-1, DPU kan (ìwọ̀n agbára kọ̀ǹpútà tí Glue ń lò) fún wákàtí kan jẹ́ dọ́là 0.44, DPU kan sì jẹ́ vCPU mẹ́rin pẹ̀lú memory 16 GB. Ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń ka owó job, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹ bá ní kí Glue ṣe, ìṣẹ́jú kan ló kéré jù. Job kékeré tó fi DPU méjì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kò tó sẹ́ǹtì márùn-ún. Àwọn tó ń jẹ owó ni àwọn nǹkan tó máa ń wà ní títàn nígbà tí ẹ ti lọ sùn: Redshift cluster (ilé ìkó dátà sí fún ìtúpalẹ̀), EMR cluster (ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí dátà ńlá), Kinesis stream (ọ̀nà tí dátà ń ṣàn gbà), MWAA (olùṣètò iṣẹ́), NAT gateway (ẹnu ọ̀nà sí íntánẹ́ẹ̀tì). Àwọn wọ̀nyí, ọjọ́ tí ẹ bá tàn án ni kí ẹ pa á rẹ́. Notebook inú Glue, ibi tí ẹ ti ń kọ kóòdù díẹ̀díẹ̀ tí ẹ sì ń dán an wò, náà wà lára wọn. Ẹ wo ìlà `%idle_timeout` tó wà lókè rẹ̀, tó ń sọ ìṣẹ́jú tó máa fi wà lásán kó tó kú, kí ẹ yí i sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí iye tí wọ́n fi síbẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì kan

Ẹ má wá dátà ńlá láti ibi jíjìn. Ẹ ṣe fáìlì CSV kan nípa owó oúnjẹ lọ́jà, nǹkan bí igba ìlà, kí ẹ sì kọ owó bí a ṣe ń kọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú kọ́mà. Àkọlé kọ́lọ́ọ̀mù nìkan ni kí ẹ má fi àmì ohùn sí:

ojo,eru,kilo,iye,oja
2025-03-04,ìrẹsì,50,"82,000",Bódìjà
2025-03-04,ẹ̀wà,50,"96,500",Mílé 12

Ẹ ṣí bucket kan (àpò ìkó fáìlì) lórí S3, ibi tí AWS ń tọ́jú fáìlì sí, kí ẹ gbé fáìlì yìí sínú fódà tó ń jẹ́ `raw/`. Ẹ lọ sí Glue, ẹ ṣe crawler kan tó ń wo fódà náà, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Crawler á ka fáìlì náà, á sì kọ àpèjúwe rẹ̀ sínú Data Catalog bíi table. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò gbé dátà náà kúrò níbi tó wà. Àpèjúwe nìkan ló kọ. Wọ́n lè bi yín ní èyí ní oríṣiríṣi ọ̀nà nínú ìdánwò.

Ẹ wá ṣí Athena, irinṣẹ́ tó ń fi SQL ka fáìlì inú S3, kí ẹ wo ohun tó wà nínú table yẹn. Níbi tó yẹ kí ẹ ti rí 82,000, `"82` ló wà níbẹ̀. Níbi tó yẹ kí Bódìjà wà, ẹ ó rí `000"`. Bódìjà ti pòórá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé SerDe (ohun tó ń tú ìlà fáìlì sí kọ́lọ́ọ̀mù) tí crawler yàn, tó ń jẹ́ LazySimpleSerDe, kò mọ ìwúlò àmì `"` tí ẹ fi ká owó náà. Gbogbo kọ́mà tó bá rí ni ó fi ń gé ìlà. OpenCSVSerDe ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣe classifier tiyín nínú Glue, ìyẹn ìlànà tí crawler á fi ka fáìlì, ẹ sọ fún un pé `"` ni àmì tó ń ká ọ̀rọ̀, ẹ mú OpenCSVSerDe, ẹ so ó mọ́ crawler, ẹ pa table àtijọ́ rẹ́, kí ẹ tún crawler náà tàn. Bódìjà á padà sáyè rẹ̀.

Mo dúró pẹ́ lórí èyí nítorí kò sí fídíò tó lè mú yín rántí rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ bá fi ojú ara yín rí i. Bí ìbéèrè bá sọ pé kọ́lọ́ọ̀mù ń ṣí kúrò láyè wọn nínú Athena lẹ́yìn tí crawler ti ka CSV, ẹ ó ti mọ ibi tí wàhálà wà kí ẹ tó ka ìdáhùn.

Owó náà ti pé báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán ló ṣì jẹ́. Ẹ ò lè rò ó pọ̀. Ẹ lọ sí Glue Studio, kí ẹ fi àwòrán tò job kan: ka table, yọ kọ́mà kúrò nínú `iye`, sọ ọ́ di nọ́ńbà, kọ ọ́ sí `clean/` ní Parquet (irú fáìlì tó ń to dátà ní kọ́lọ́ọ̀mù), kí ẹ sì fi `oja` ṣe partition, ìyẹn kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀. Bó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ tẹ ibi tí script wà, kí ẹ ka kóòdù tí Glue kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí DynamicFrame níbẹ̀, ìyẹn table bí Glue ṣe ń gbé e. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí DataFrame ti Spark, ẹ̀rọ tí Glue fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ni pé ó máa ń gba kí kọ́lọ́ọ̀mù kan ní irú dátà méjì, títí ẹ ó fi lo `resolveChoice` láti pinnu èyí tí ẹ fẹ́.

Ẹ ka table tuntun náà nínú Catalog, kí ẹ béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ CSV àti Parquet nínú Athena. Nísàlẹ̀ èsì, wọ́n máa ń kọ iye dátà tó kà. Dọ́là 5 ni Athena ń gbà lórí terabyte kan tó bá kà, nítorí náà iye yẹn ni owó yín. CSV máa ń mú kó ka gbogbo ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Parquet to kọ́lọ́ọ̀mù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni tó fẹ́ ra ata tó mọ ìsọ̀ alátà, tí kò ní láti yí gbogbo ọjà ká. Fáìlì igba ìlà kéré jù láti fi ìyàtọ̀ owó hàn yín, nítorí Athena ń ka 10 MB ó kéré tán fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ da àwọn ìlà náà kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́nà ẹgbẹ̀rún, kí ẹ tún un gbìyànjú.

Nísinsìnyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Èyí ni apá tí àwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ń fúnni ní máàkì.

Ẹ kó ohun tó wà ní `clean/` dànù, ẹ tan job bookmark, kí ẹ ṣe job náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ka iye ìlà pẹ̀lú `COUNT(*)` lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ní lé sí i lẹ́ẹ̀kejì, nítorí bookmark ti rántí fáìlì tó ti ṣe. Ẹ wá yọ `job.commit()`, ìlà tó ń fi ìrántí náà pa mọ́, kúrò nínú script, ẹ kó ohun tó wà ní `clean/` dànù, ẹ tún bookmark náà dá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún ṣe job náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà á di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá yọ `transformation_ctx`, orúkọ tí bookmark fi ń dá ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀, ohun kan náà ni. Ẹ wá mọ ohun mẹ́ta tí bookmark gbára lé: kí wọ́n tàn án, kí `transformation_ctx` wà, kí job náà sì parí pẹ̀lú commit.

Ẹ fọwọ́ ara yín gbé fáìlì Parquet kan sínú fódà partition tuntun, irú bíi `oja=Dugbe/`, kí ẹ wá a nínú Athena. Kò ní sí níbẹ̀. Catalog kò mọ̀ pé partition tuntun ti dé. `MSCK REPAIR TABLE`, `ALTER TABLE ADD PARTITION`, tàbí kí ẹ tún crawler tàn, gbogbo rẹ̀ ló máa gbé e jáde. Bí partition bá pọ̀ lọ bí i yanrìn, tí wọ́n sì ń tò tẹ̀ léra bí ọjọ́ tàbí wákàtí, partition projection, níbi tí Athena ti ń ṣírò partition fúnra rẹ̀, ni ìdáhùn tí wọ́n ń wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àṣẹ kíkọ sí S3 kúrò lára role (àkójọ àṣẹ) tí job náà ń lò, kó lè kú. Ẹ lọ wá `AccessDenied` náà nínú CloudWatch Logs, ibi tí AWS ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ fi EventBridge (tó ń gbọ́ ìṣẹ̀lẹ̀) àti SNS (tó ń fi ìfitónilétí ránṣẹ́) ṣe é kó lè fi ìmeèlì ránṣẹ́ bí job bá kú. Ẹ wá fi Step Functions so crawler, job àti ìmeèlì náà pọ̀ kí wọ́n máa tẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tí ẹ bá fi parí èyí, ẹ ti fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn tó jọra tí wọn kì í ṣe ìbejì

Ọ̀rọ̀ dátà tó ń ṣàn wọlé láìdúró ló ń gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Kinesis Data Streams máa ń tọ́jú dátà, wákàtí 24 bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, ó sì lè tó ọjọ́ 365. Nítorí náà, ẹ lè padà lọ kà á. Shard kan, ìyẹn ẹ̀ka kan nínú stream, ń gba 1 MB tàbí ohun 1,000 wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń fúnni ní 2 MB jáde. Firehose ní tirẹ̀ kì í tọ́jú nǹkan fún àtúnkà. Ó ń kó o jọ fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbé e lọ sí S3 tàbí Redshift, ó parí. Bí ìbéèrè bá ní kí ohun tó ń kà á ju ọ̀kan lọ, tàbí kí wọ́n lè tún un kà, Data Streams ni. Bó bá jẹ́ pé kí dátà ṣáà dé S3 láìsí wàhálà ni, Firehose ni. Bí wọ́n bá dárúkọ Kafka (ètò ìṣàn dátà mìíràn) tí ilé iṣẹ́ náà ti ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ máa wo ọ̀nà MSK, ìyẹn Kafka tí AWS ń bójú tó.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tó ti pẹ́ nídìí èyí. Kinesis Data Firehose ti di Amazon Data Firehose láti ọdún 2024, Kinesis Data Analytics sì ti di Managed Service for Apache Flink láti 2023. Ìwé tó bá ṣì ń pe orúkọ àtijọ́ nìkan, ó ṣeé ṣe kí ohun mìíràn nínú rẹ̀ náà ti gbó.

DMS ni kí ẹ mú bí wọ́n bá ní kí database máa lọ sí ibòmíràn láìdáwọ́ iṣẹ́ dúró. CDC ni orúkọ ọ̀nà tó ń gbà kó àyípadà tó ń wọlé. Ní Redshift, ẹ mọ ìgbà tí a ń lo KEY, ALL àti EVEN (ìpín dọ́gba), ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín ìlà table sáàárín àwọn kọ̀ǹpútà inú cluster: table kékeré tí gbogbo èèyàn ń so mọ́ tiwọn, ALL, table ńlá méjì tí wọ́n máa ń fi kọ́lọ́ọ̀mù kan so pọ̀, KEY. COPY ni wọ́n fi ń kó dátà púpọ̀ wọlé. Ìdáhùn tó bá ní kí ẹ máa INSERT ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Lambda, tó ń ṣe kóòdù kékeré láìsí pé ẹ ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, torí náà ìbéèrè tó bá ní iṣẹ́ náà ń gba wákàtí kan ti yọ Lambda kúrò fúnra rẹ̀.

Ní ti ààbò, Lake Formation ni fún fífún èèyàn ní àṣẹ lórí ìlà àti kọ́lọ́ọ̀mù, Macie ń wá dátà ara ẹni nínú S3, KMS ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ti dátà pa, CloudTrail ń kọ ẹni tó ṣe kí ni sílẹ̀, Secrets Manager sì ń tọ́jú password, ó sì lè máa yí i padà fúnra rẹ̀. Èyí tó yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí kò pọ̀.

Bí a ṣe ń ka ìbéèrè

Gbólóhùn ìparí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí bóyá owó tó kéré jù ni wọ́n fẹ́, tàbí wàhálà ìtọ́jú tó kéré jù, tàbí kó yára jù. Ẹ wá padà sókè, kí ẹ ka ìtàn náà pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn.

Ẹ wo irú èyí, tí mo kọ fún ìdánrawò. Ilé iṣẹ́ kan ń gba fáìlì CSV láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sínú S3 lálaalẹ́. Glue job kan ń sọ wọ́n di Parquet. Iye fáìlì tó ń wọlé lójúmọ́ kò yí padà, síbẹ̀ àkókò tí job náà ń gbà ń gùn sí i lóṣooṣù. Kí ni wọ́n lè ṣe tí wàhálà ìtọ́jú rẹ̀ á kéré jù? Ìdáhùn kìíní ní kí wọ́n fi worker (agbára kọ̀ǹpútà) kún un. Ìkejì ní kí wọ́n kọ Lambda tó ń kọ orúkọ fáìlì tó ti wọlé sínú DynamoDB, ìyẹn database AWS kan. Ìkẹta ní kí wọ́n tan job bookmark. Ìkẹrin ní kí wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí EMR.

Fífi worker kún un kàn máa bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ ni, owó á sì lé sí i. EMR á gbé cluster lé yín lọ́rùn. Lambda àti DynamoDB á ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, òun ló sì ń mú àwọn tó mọ kóòdù kọ dáadáa, nítorí wọ́n ti rí i lọ́kàn bí àwọn ṣe máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wàhálà tó kéré jù ni wọ́n ní, bookmark sì jẹ́ ohun tí a kàn ń tàn. Ká ní ìtàn náà ti ní fáìlì gbọ́dọ̀ di Parquet láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bá wọlé, ọ̀rọ̀ ti yí padà: bookmark nìkan kò tó mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ wá ohun tí S3 event (ìfilọ̀ pé fáìlì ti dé) á fi jí iṣẹ́ náà.

Nínú ìbéèrè tó ní kí ẹ mú ìdáhùn méjì, ẹ kà á dáadáa bóyá méjèèjì jọ ń ṣe ojútùú kan ni, tàbí ojútùú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń béèrè.

Ìdánrawò, àti ọ̀rọ̀ dumps

AWS Skill Builder, ìkànnì ẹ̀kọ́ AWS, ní ìbéèrè ìdánrawò ọ̀fẹ́ 20 fún ìdánwò yìí. Ẹ fi wọ́n pa mọ́ títí iṣẹ́ ọwọ́ yín fi parí. Bí ẹ bá fẹ́ sanwó fún púpọ̀ sí i, ọ̀kan tó ń ṣàlàyé ìdí tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò fi tọ̀nà dára ju mẹ́ta tó kàn ń fún yín ní máàkì. Ẹ máa kọ ìdí tí ẹ fi kùnà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tiyín, ní Yorùbá bó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé bookmark fún àbúrò rẹ̀ ní Yorùbá, bookmark ti yé e nìyẹn.

Ní ti dumps, ìyẹn àwọn ìbéèrè tí wọ́n jí gbé jáde tí wọ́n ń tà lórí Telegram, ẹ jìnnà sí i. AWS lè gba ìwé ẹ̀rí padà lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó, ó sì lè fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò wọn mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdáhùn inú wọn máa ń ṣì ní púpọ̀, ẹ ó sì ti sanwó láti kọ́ àṣìṣe.

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, oṣù méjì tó dáa: ọ̀sẹ̀ méjì fún SQL àti ìwé ìtọ́sọ́nà, mẹ́ta fún iṣẹ́ ọwọ́, méjì fún àwọn ohun tó jọra, ọ̀sẹ̀ tó kù fún ìdánrawò. Ẹni tó ti ń fi irinṣẹ́ ìkó dátà bíi Informatica, Talend tàbí SSIS jẹun tẹ́lẹ̀ lè gé e kúrú, nítorí orúkọ nìkan ló yí padà nínú púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ ìdánwò

Pearson VUE, ilé iṣẹ́ ìdánwò, ló ń ṣètò rẹ̀. Ẹ lè ṣe é nílé tàbí ní gbọ̀ngàn wọn. Bí ẹ bá wà ní Nàìjíríà, tí gbọ̀ngàn kò sì jìnnà jù, èmi á ní kí ẹ lọ sí gbọ̀ngàn. Nílé, iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kú, ọmọ lè ṣílẹ̀kùn wọlé, ẹni tó ń ṣọ́ yín sì lè fòpin sí ìdánwò nítorí ẹni kan yọjú. Wọn kì í gba kí èèyàn ka ìbéèrè sókè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń sọ̀rọ̀ sókè bí ọ̀rọ̀ bá le.

Bó bá di dandan kó jẹ́ ilé, ẹ fi kọ̀ǹpútà kan náà dán system test wọn wò ní yàrá kan náà, ní irú àkókò kan náà lójúmọ́. Ẹ ní inverter tàbí bátìrì tó lè gbé kọ̀ǹpútà àti router fún wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì kúrò. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kò dáa fún un, nítorí ààbò tí wọ́n fi sí i máa ń dí ètò ìdánwò náà lọ́wọ́. Ẹ wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, wọ́n á ní kí ẹ ya fọ́tò yàrá àti páálí ìdánimọ̀ yín. Pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ni kí ẹ mú dání, ẹ má gbára lé ìwé pélébé NIN.

Bí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn mọ́, ẹ lè sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì, bó bá ṣì ku wákàtí 24 ó kéré tán.

Èsì máa ń jáde láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ ó dúró fún ọjọ́ 14, ẹ ó sì san owó tuntun. Ẹ wo ìwé èsì, nítorí ó máa sọ ẹ̀ka tí ẹ ti kù díẹ̀ káàtó. Bí ẹ bá yege, ọdún mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí náà fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì fún yín ní ẹ̀dínwó ìdajì owó ìdánwò tó bá tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, ẹ padà wọ inú àkáǹtì AWS tí ẹ fi kọ́ṣẹ́, kí ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ tàn rẹ́, region kan tẹ̀ lé òmíràn.